Màmá Láàbù àti Ọ̀nà Àwọn Rọ́bọ́ọ̀tì

Aago méje àárọ̀ Sátidé kò tíì lù tí Catherine Akínrẹ̀mí fi dé gbọ̀ngàn ńlá kan ní Òkìtìpupa. Ó wọ bàtà tó bo gbogbo ìka ẹsẹ̀, ó so ìborùn mọ́ orí pinpin, ó sì mú ìgbálẹ̀ dání. Ẹnikẹ́ni kò ní kó wá gbálẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ni kò fẹ́ kí ìṣó kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀.

Ọ̀nà náà kò gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tábìlì tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń tún rọ́bọ́ọ̀tì wọn ṣe, ó sì parí sí pápá ìdíje tó wà láàárín gbọ̀ngàn. Ogójì ìṣísẹ̀ ni gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ kò sì ju kí ènìyàn mẹ́ta dúró ní èjìká sí èjìká lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ girama mẹ́rìnlélógún ló ń bọ̀ láti gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, pẹ̀lú olùkọ́ àti òbí àti àwọn tó kàn fẹ́ wá wòran. Ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo wọn yóò máa gbà lọ, òun náà ni wọn yóò máa gbà bọ̀, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ẹni tí kò bá tíì rí rọ́bọ́ọ̀tì àwọn ọmọ yìí lè rò pé ó ní ojú àti imú bí ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ onítáyà mẹ́rin ni, ó ga dé orúnkún àgbàlagbà, irin àti wáyà àti bátìrì ni wọ́n tò pọ̀ di odindi. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń kọ àṣẹ tí yóò máa tẹ̀ lé sínú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá gbé e sí pápá, yóò máa ṣa bọ́ọ̀lù kéékèèké nílẹ̀, yóò sì máa jù wọ́n sínú agbọ̀n fún ìṣẹ́jú méjì àbọ̀, kí aago tó dún pé ó tó. Ó wúwo. Ọmọ méjì ló ń gbé ọ̀kan, etí irin rẹ̀ sì mú.

Ìwúwo yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Vivian àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé tiwọn ń lọ sí pápá. Vivian gbójú sókè, ó rí ìyá tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀ gan-an. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó kúnlẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó di ẹ̀gbẹ́ kejì mú kò mọ̀ pé ó fẹ́ kúnlẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò mọ̀. Wọ́n rọ́ lù wọ́n, rọ́bọ́ọ̀tì sì já lu ẹsẹ̀ Vivian. Egungun ìka ẹsẹ̀ méjì ló ṣẹ́.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdíje náà gbọ́ ní Àkúrẹ́, wọ́n ní àwọn yóò kó o kúrò ní Òkìtìpupa. Dókítà Kingsley Ọláwuyì, olùkọ́ yunifásítì tó ti ìhà Ọ̀yọ́ wá, tó sì ti di ọmọ ilé ní Òkìtìpupa, bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà fún ọdún kan sí i. Àdéhùn wà níbẹ̀. Wọn yóò rán ẹnì kan wá wo bí àwọn èèyàn ṣe ń rìn nínú gbọ̀ngàn. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá tún fara pa, ó parí nìyẹn. Àwọn ọmọ Iyansan àti ti Àjàgbà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún wọn. Wọ́n lè gun ọ̀kadà dé Òkìtìpupa kí oòrùn tó mú. Bó bá di Àkúrẹ́, olùkọ́ wọn yóò mú ọmọ méjì tàbí mẹ́ta lọ, àwọn tó kù yóò jókòó sílé máa retí ìròyìn.

Ọ̀rọ̀ yìí ni Dókítà gbé lọ bá Catherine nínú láàbù.

Òṣìṣẹ́ láàbù sáyẹ́ǹsì ni Catherine ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú, àwọn ọmọ kì í sì í pè é ní orúkọ mìíràn ju Màmá Láàbù lọ. Iyansan ni wọ́n ti bí i. Oko ọ̀pẹ ni bàbá rẹ̀ ń dá, òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì máa ń ru ìdì ẹyìn láti oko wá sí ibi tí wọ́n ti ń fún epo. Ọ̀nà oko náà tẹ́ẹ́rẹ́, ìdì ẹyìn sì kún fún ẹ̀gún. Bàbá wọn ní òfin kan: ẹni tí kò ru nǹkan ni yóò yà sínú igbó fún ẹni tó ru ẹrù, ìbáà jẹ́ òun ni ó dàgbà jù. Òun fúnra rẹ̀ máa ń yà fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Catherine parí girama, ṣùgbọ́n kò lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́ Akínrẹ̀mí tó ń ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ó bí ọmọ mẹ́ta, ó wọ iṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí agbálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, nígbà tó sì yá, wọ́n gbé e lọ sí láàbù nítorí pé kì í gbàgbé ibi tó gbé nǹkan sí. Ọdún méjìlélógún rèé. Nínú gbogbo ọdún yẹn, áásìdì kò ta sí ọmọ kan lójú rí.

Dókítà Ọláwuyì sọ fún un pé òun ti ronú ohun tí wọn yóò ṣe. Wọn yóò kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kí ènìyàn lójú ọ̀nà.

Catherine rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ta ni yóò kà á?"

"Àwọn ọmọ ni, mà."

"Ọmọ Ìkálẹ̀ tó bá rí ìyá-ìyá rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, orúnkún rẹ̀ á ti kan ilẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó kan ìwé yín."

Ó ní ìwà pálapàla kọ́ ló ṣẹ́ ẹsẹ̀ Vivian, ẹ̀kọ́ ilé ni. A kò sì lè ní kí ọmọ fi ẹ̀kọ́ ilé sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn bí ẹni fi agbòjò sílẹ̀. Ohun tó kù ni kí á wá àyè fún ìkíni, kí ìkíni má baà wá àyè fún ara rẹ̀ láàárín ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí i tí wọ́n fi tẹ́ ẹní mẹ́fà sí ọwọ́ òsì gbọ̀ngàn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, tí wọ́n to àga sí i fún àwọn àgbà, tí wọ́n sì gbé tábìlì gígùn kan síwájú àga. Ọmọ tó bá fẹ́ kí ènìyàn, kó gbé rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀ ka orí tábìlì, kó wá kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe wù ú. Ní ojú ọ̀nà, ẹnu nìkan ni. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yóò yan ọmọ kan tí kò gbé nǹkan kan, tí yóò máa ṣáájú, tí yóò máa sọ pé, ẹ yàgò, rọ́bọ́ọ̀tì ń bọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo ènìyàn yóò máa rìn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sáré. Ẹni tó bá wọ sálúbàtà yóò jókòó sí ẹ̀yìn. Awò tó ń dáàbò bo ojú gbọ́dọ̀ wà lójú ẹni tó bá sún mọ́ pápá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi lẹ gbogbo wáyà iná mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú tépù dúdú.

Àwọn àgbà ló kù. Ọjọ́ Ìsinmi méjì tẹ̀ léra ni Catherine dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó bẹ ìjọ pé bí ọmọ kan bá gbé ẹ̀rọ kọjá lára wọn tí kò kúnlẹ̀, kí wọ́n má ṣe bínú. Ìyá àgbà kan béèrè bóyá irin ni àwọn ọmọ yóò kọ́kọ́ máa kí kó tó kan àwọn.

"Irin ò ní í kí yín, Màmá," ni Catherine dá a lóhùn. "Àwa kàn ń bẹ irin ni, kó má já lù yín lẹ́sẹ̀." Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, ìyá àgbà náà sì ní òun gbà.

Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án lọ́jọ́ náà, ariwo ti gba gbọ̀ngàn kan. Ìró ẹ̀rọ, orin láti inú gbohùngbohùn, ìlù tí àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ lù lára àga, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ dà pọ̀. Àwọn ọmọ wọ ẹ̀wù oríṣiríṣi àwọ̀, awò ńláńlá wà lójú wọn bí ẹni tó fẹ́ jó irin. Ara Catherine náà yá gágá. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́nà.

Ní òpin ọ̀nà náà, lẹ́bàá pápá, ni Ìyáàfin Morónkẹ́ jókòó sí. Òun ni ìgbìmọ̀ rán wá láti Àkúrẹ́, ẹnu rẹ̀ ni wọn yóò sì ti gbọ́ bóyá ìdíje yóò dúró tàbí yóò lọ. Ó gbé ìwé kan lé itan, ó mú bírò pupa dání. Ìgbàkígbà tí bírò náà bá rìn, Catherine á tún wo ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ariwo wọn pọ̀ jù ni ti Àjàgbà àti ti Iyansan, tí tábìlì wọn kọjú síra. Treasure ló ń ṣáájú fún Àjàgbà, ọmọkùnrin tín-ín-rín kan tí ohùn rẹ̀ tó ti ọkùnrin mẹ́ta. Dominic ló ń ṣáájú fún Iyansan. Dominic dúró, ó wo rọ́bọ́ọ̀tì Àjàgbà bó ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì.

"Ẹ̀yin ará Àjàgbà, kí lẹ fún un jẹ? Ó ń rìn bí ẹni tó jẹ púpurú yó."

"Ó kúkú ń rìn," ni Treasure wí. "Láti àárọ̀ ni tiyín ti dúró. Àbí ó ń gbàdúrà ni?"

Catherine ní kí wọ́n gbé ẹnu wọn kúrò lójú ọ̀nà, pé ọ̀rọ̀ wọn ti gbòòrò ju rọ́bọ́ọ̀tì méjèèjì lọ.

Ètò náà ń lọ dáadáa. Àwọn ọmọ ń gbé ẹ̀rọ wọn ka orí tábìlì gígùn, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń gba àdúrà, wọ́n sì ń gbé e padà. Àwọn àgbà tó jókòó níbẹ̀ wá fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé wọ́n ń ráyè wo ẹ̀rọ náà dáadáa, wọ́n ń béèrè ohun tí wáyà yìí ń ṣe àti ohun tí wáyà yẹn wà fún. Ọmọ kan sáré kọjá pẹ̀lú bátìrì lọ́wọ́. Catherine pè é padà, ó ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ láti tábìlì rẹ̀ kó wá fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ọmọ náà rìn ín. Bírò pupa tún rìn.

Ó ku ìdíje kan. Àjàgbà àti Iyansan ló sì kù.

Bí wọ́n ṣe pe orúkọ wọn, Iyansan ti dé pápá. Táyà kan lára rọ́bọ́ọ̀tì Àjàgbà sì ti tú. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni òfin fún ilé-ẹ̀kọ́ láti dé pápá lẹ́yìn tí wọ́n bá pè é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti pàdánù. Ìdáraolúwa, ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí wọn, dojú bolẹ̀ ti táyà náà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì dè é. Ìṣẹ́jú kan lọ. Ó gbójú sókè, ó ní ó ti wọlé. Òun àti ọmọ kejì gbé e, Treasure bọ́ síwájú, ó sì ké pé kí wọ́n yàgò. Wọ́n wọ ọ̀nà.

Ìgbà yẹn gan-an ni Ọ̀gá Àkànmú gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Ọ̀gá Àkànmú ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọ̀gá àgbà ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama fún ọdún púpọ̀ kó tó fẹ̀yìntì, bóyá ìdajì àwọn òbí tó wà nínú gbọ̀ngàn náà ló sì kọ́. Ó kọ́ Catherine. Ìsìn ìdúpẹ́ kan ló ti ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ẹní àti tábìlì fún un. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó dúró sí àárín ọ̀nà gan-an, ó ń wò yíká pẹ̀lú ẹ̀rín.

Òbí àkọ́kọ́ tó rí i dọ̀bálẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn rí i, àwọn náà lọ sílẹ̀. Ìkíni náà ń tàn kálẹ̀ lójú ọ̀nà bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ kọjá lórí oko ìrẹsì. Treasure, tó yẹ kó máa la ọ̀nà, nà gbalaja sílẹ̀ níwájú Ọ̀gá Àkànmú, àyà rẹ̀ kan símẹ́ńtì. Ẹ̀yìn rẹ̀ tààrà sì ni Ìdáraolúwa wà pẹ̀lú irin lọ́wọ́, ẹsẹ̀ Treasure fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ bàtà rẹ̀. Catherine rí i tí orúnkún ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ló gbé e dé ibẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti abẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì.

"Dúró gbọin, Ìdára. Mo ti bá ọ kí wọn."

Orúnkún náà dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti dí pátápátá, ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀ ló sì kù. Òun náà kò tíì kúnlẹ̀ fún olùkọ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé gbogbo ojú ló wà lára òun. Kò sí bí ọmọ ṣe máa ní kí Ọ̀gá Àkànmú yà lọ́nà. Kò tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀, sà. Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa la ọ̀nà fún àwọn ọmọ yìí. Àwa la ti kùnà."

Ọ̀gá Àkànmú wo irin náà, ó wo òógùn tó wà lójú Ìdáraolúwa. "Níbo ni wọ́n ń gbé e lọ?"

"Ibi pápá yẹn ni, sà. Bí wọn ò bá tètè dé ibẹ̀, wọ́n ti pàdánù."

Àgbà náà yíjú padà. Ohùn tó fi ń pe ìlà ní àárọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì kúrò lọ́fun rẹ̀. Ó ní kí gbogbo wọn dìde, ó béèrè ẹni tó kọ́ wọn láti máa dọ̀bálẹ̀ sí ojú ọ̀nà, ó ní òun kọ́. Àwọn bàbá tó ti hu ewú dìde bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájú.

Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan, ọ̀pá. Ìṣísẹ̀ kan, ọ̀pá. Ta ni yóò sáré kọjá lára rẹ̀? Treasure ti dìde, ó ń wo aago tó wà lókè pápá, ó ń jẹ ètè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, Ọ̀gá Àkànmú gbọ́ ìmí àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó gbójú sókè, òun náà rí aago. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́. Ó na ọ̀pá rẹ̀ síta, ó fi dá àwọn èrò dúró.

"Ẹ kọjá," ló wí. "Ẹni tó ru ẹrù ni àgbà lónìí."

Wọ́n kọjá. Wọn kò sáré, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé rọ́bọ́ọ̀tì lé pápá, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ló kù lójú aago. Gbọ̀ngàn bú sí ariwo kí ìdíje tilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ yẹn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó. Iyansan jù ú, Àjàgbà jù ú. Táyà tí Ìdáraolúwa dè ń gbọ̀n, kò sì yọ. Wọ́n dọ́gba ní ogún, wọ́n tún dọ́gba ní ọgbọ̀n. Nígbà tí aago dún, bọ́ọ̀lù kan ṣì wà lófuurufú láti inú rọ́bọ́ọ̀tì Iyansan, ó ta sí etí agbọ̀n, ó yí, ó wọlé. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n fi borí. Catherine, ọmọ Iyansan, yíjú sí ògiri kó tó rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Dominic na ọwọ́ sí Treasure, ó ní púpurú náà lágbára ju bí òun ṣe rò lọ.

Nígbà náà ni Ìyáàfin Morónkẹ́ dìde, ó kó ìwé rẹ̀, ó fẹ́ gba ọ̀nà lọ sí ibi gbohùngbohùn. Ọ̀pá Ọ̀gá Àkànmú dá a dúró. Bàbá náà kò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

"Ẹ ní sùúrù, ìyá. Ẹrù ń bọ̀."

Ìyáàfin Morónkẹ́ dúró. Ìdáraolúwa àti ẹnì kejì rẹ̀ gbé rọ́bọ́ọ̀tì kọjá níwájú rẹ̀, Ìdáraolúwa fi ẹnu kí i, kò tẹ orúnkún. Ìyáàfin náà dá a lóhùn, ó rẹ́rìn-ín, kó tó kọjá.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní lọ́dún tó kọjá, ojú ìwé mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ti ọdún yìí kò kún ojú ìwé kan, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ jù ni àwọn nǹkan tí òun fẹ́ kí wọ́n máa ṣe ní ibi yòókù. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Wọn kò ṣí àpótí oògùn ìtọ́jú ọgbẹ́. Nítorí náà, Òkìtìpupa ni ìdíje ọdún tó ń bọ̀ yóò ti wáyé.

A kò gbọ́ ìyókù. Ariwo tó sọ gba inú gbọ̀ngàn dé títì. Àwọn ọmọ Àjàgbà àti Iyansan dì mọ́ra wọn, wọ́n ń fò sókè, àwọn ìyá ń ṣí ìborùn wọn, wọ́n ń jù ú. Dókítà Ọláwuyì yọ awò rẹ̀, ó ń nu ojú. Ó wá Catherine láti bá a yọ̀, kò rí i níbi tó ti dúró látàárọ̀.

Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó mú okùn ìwọ̀n tí Akínrẹ̀mí fi ń wọn pákó dání, ó sì ní kí Treasure di orí kejì mú mọ́ ògiri. Ó ní bí wọ́n bá ti tábìlì àwọn ọmọ sẹ́yìn díẹ̀, ọ̀nà náà yóò gba ènìyàn mẹ́rin lọ́dún tó ń bọ̀.